Oṣù Márùn-ún Tó Wà Láàrin Èmi àti Ṣídí

Àwọn ọmọ ilé ìwé méjì wá bá mi ní Ìrókò ní ìjẹta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára. Mo fún wọn ní omi àti ẹ̀pà. Mo sọ fún wọn pé kò sí iṣẹ́ tí kò dára, ìwà ẹni tó ń ṣe é ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ojú tì mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ. Èyí tó yẹ kí n sọ ni mo ń kọ síbí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé èmi náà ń fara balẹ̀ kọ ọ́. Mo ti pààrọ̀ orúkọ àwọn kan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ni ti lọ́yà tó ń bá àwọn àlejò wá ìwé ìgbélùú, ìyẹn ìwé tí àjèjì fi ń gbé láàrin wa láìsí pé ẹnikẹ́ni lé e. Àlejò ni èmi náà. Kétu ni wọ́n ti bí mi, lódìkejì ẹnubodè, níbi tí gbogbo ará ibí ń pè ní Kútọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu gan-an jìnnà sí i. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi sì gbé mi wá sí Ìrókò, ó ń kọ ebè iṣu fún àwọn àgbẹ̀. Nínú agbo ilé Bàbá Ráímì ni a ń gbé. Bàbá Ráímì ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣídí. Ẹgbẹ́ mi ni. Inú àwo kan náà ni a ti ń jẹun.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo jẹ́ nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn. Àwọn àgbà gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn ará ìgboro nìyẹn, ta ni yóò wá ìwé dé inú oko iṣu? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú mọ́ṣáláṣí wa. Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, orí ẹní ni mo wà nínú pálọ̀ Bàbá Ráímì, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo rí bàbá mi láàrin àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó bọ̀ láti oko. Ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn?"

Bàbá Ráímì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yanu. "Ọmọ mi ni. Ṣé ẹ ò rí i pé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Bàbá mi wò mí. Kò pè mí. Mo fẹ́ ké, àmọ́ ìyá Ṣídí ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Àlùbọ́sà ló ń gé kí wọ́n tó dé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tútù, tàbí tí ọkọ̀ ńlá bá dúró níwájú ilé mi, màá dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. A gbọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé bàbá mi dé Kétu láyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Kí wọ́n má baà padà wá mú mi, Bàbá Ráímì mú èmi àti Ṣídí lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ó sì búra pé òun àti ìyàwó òun ló bí àwa méjèèjì. Akọ̀wé kóòtù béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí wa. Bàbá ò mọ oṣù òyìnbó, iṣẹ́ oko ló fi ń ka ọjọ́. Ó ní ìgbà tí àwọn ń kọ ebè ni wọ́n bí Ṣídí, ìgbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣu titun ni wọ́n bí èmi. Òótọ́ ni méjèèjì, bàbá mi ló ti sọ tèmi fún un. Akọ̀wé kọ oṣù kejì fún Ṣídí, ó kọ oṣù keje fún mi, nínú ọdún kan náà. Kò wo ohun tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá tẹ̀ka sí i. Báyìí ni obìnrin kan ṣe bí ọmọ méjì tí kì í ṣe ìbejì, tí oṣù márùn-ún péré sì wà láàrin wọn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ilé ìwé. Bàbá Ráímì ta kòkó, ta iṣu, mo sì ka ìwé òfin títí mo fi jáde. Nígbà tí mo fẹ́ gba àṣẹ láti ṣe lọ́yà ni wọ́n ní kí n mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí mi wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi tèmi àti ti Ṣídí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo sáré lọ bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀.

"Bàbá, ìyá kan ò lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù márùn-ún."

"Ṣé adájọ́ fẹ́ wá máa ka oṣù oyún ìyàwó mi ni?"

Ìyá Ṣídí ké láti ibi ìdáná: "Ẹ sọ fún un pé mo lágbára nígbà náà!"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bàbá ò pẹ́. Ó ní, "Sìkírá, ẹnu tí mo fi búra ni màá fi jíhìn níwájú Ọlọ́run. Fi ìwé náà pamọ́." Mo fi í pamọ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé èkejì rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tí kóòtù ń tọ́jú, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí i.

Ọ̀dọ̀ Lọ́yà Adéjàre ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Egbeda, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí títì Ifẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Bí mo bá ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ taipu, wọn ò ní fi oje funfun pa á rẹ́, yíya ni wọn yóò ya á, àti ẹ̀dà kábọ̀n rẹ̀, wọn yóò sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo ti tẹ ìwé kan ní ìgbà mẹ́sàn-án rí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọ́n gbé ga ju èyí lọ: lọ́yà ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan nípa oníbàárà àfi tó bá ti dé ilé ẹni náà, tó jókòó, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Mo kọ ìwé kan nígbà náà fún ọkùnrin ará Tógò kan tó ń ṣiṣẹ́ oko nítòsí Lálúpọn. Mo kọ ọ́ pé ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Lọ́yà Adéjàre kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Sìkírá, ṣé o rí ilé náà?"

"Wọ́n ní, sà, pé..."

"'Wọ́n ní' kì í jẹ́rìí ní kóòtù. Dìde."

Mo wọ ọkọ̀ dé Lálúpọn, mo fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé nínú òjò. Nínú yàrá, ìyàwó ọkùnrin náà ń fún ìkókó kan lọ́mú. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló dé tí kò ka èyí mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, màdáámú. Ṣé èèyàn ń ka ẹni tí kò lórúkọ ni?" Nígbà tí mo padà dé, ẹrẹ̀ ti bò mí dé orúnkún. Mo sọ ohun tí mo rí. Lọ́yà Adéjàre ò yìn mí. Wọ́n kàn ní, "Tí wọ́n bá lé bàbá yẹn lọ́la, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ kẹrin wà?" Wọ́n ní kí n lọ wẹ ẹsẹ̀ mi, kí n tún ìwé náà tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di lọ́yà àwọn àlejò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lé ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti òṣèlú. Èmi ń lọ sí àwọn oko adìyẹ, àwọn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn ahéré inú oko Ìjàyè, mo ń jókòó sórí àpótí pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ń wo ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀nà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé, "Lọ́yà, àfi bí ẹni pé ẹ ti wà nínú rẹ̀ rí." Màá ní ìwé ni mo kà.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ taipu lọ, kọ̀ǹpútà dé. Fáìlì tí a ń fi okùn dì di ohun tí a ń fi ránṣẹ́ láti orí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ gbogbo èèyàn sínú ẹ̀rọ. Inú àwọn lọ́yà tó kù dùn, torí pé iṣẹ́ yá. Inú tèmi ò dùn. Ìwé ńlá kóòtù, ìkán lè jẹ ẹ́, òjò lè pa á. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ìbúra àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, mi ò lè jẹun.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mùfú wá. Àgbẹ̀ ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá kéré sí mi. Ó ní iyán kì í jẹ́ iyán bí kò bá ṣe ti iṣu oko òun, ó sì mú iṣu mẹ́ta wá láti fi jẹ́rìí. Ọmọ Kétu ni. Nígbà tó wà ní ọmọdé, àgbẹ̀ kan nítòsí Ìrókò gbà á tọ́, ó sì búra fún un ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe búra fún mi. Ó ti ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Ràfátù àti ọmọbìnrin kékeré kan. Nígbà tó lọ tẹ̀ka sínú ẹ̀rọ, wọ́n rí nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ béèrè, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí yóò wá ṣàlàyé.

Mo ṣí ìwé ìbúra rẹ̀. Mi ò nílò láti kà á dé ìsàlẹ̀. Kóòtù kan náà, akọ̀wé kan náà, àṣìṣe kan náà: ìgbà ebè fún Làmídì tí í ṣe ọmọ onílé, ìgbà iṣu titun fún Mùfú.

Ó bi mí pé, "Lọ́yà, ṣé kí n kúkú sọ òótọ́ fún wọn?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ lè dá ẹjọ́ mi. Mo mọ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀dọ̀ wa, kó máa ṣiṣẹ́, bó bá ti gba ìwé ìgbélùú. Mo mọ̀ pé bí Mùfú bá sọ pé Kétu ni wọ́n ti bí òun, pé ọmọdé ni òun nígbà tí wọ́n búra, fọ́ọ̀mù kan ló máa kọ kún. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí ìbúra kan tí akọ̀wé yẹn kọ, wọn yóò fẹ́ ṣí èyí tó kù. Tèmi wà níbẹ̀. Bàbá Ráímì tó tẹ̀ka sí i ṣì wà láàyè, ó ti darúgbó.

Mo ní, "Má sọ nǹkan kan. Dúró lórí ìbúra rẹ."

Mi ò dé ilé rẹ̀. Òun nìkan ni oníbàárà tí mi ò bá délé rí.

Obìnrin kan ló gbà wá ní ọ́fíìsì àwọn àlejò lọ́jọ́ náà, ó níwà tútù. Ó bi Mùfú pé, "Ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin àti Làmídì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ kì í sì í ṣe ìbejì?"

"Rárá, mà."

Ó yíjú sí mi. "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò oṣù yìí."

Mo ń wo fáànù. Obìnrin náà fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì yọ fọ́ọ̀mù kan jáde. Ìwé ìgbélùú ni. Ó gbé e sáàrin wa. "Bó bá jẹ́ ará òdìkejì ni, ẹ sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ la ti ṣe. Irọ́ ni mi ò lè fi ọwọ́ sí."

Mùfú wò mí. Mo ti rí irú ìwò yẹn rí, láti orí ẹní nínú pálọ̀. Mo ní, "Oníbàárà mi dúró lórí ìbúra rẹ̀."

Obìnrin náà dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀.

Kí oṣù tó parí, ilé ẹjọ́ ti sọ pé ó búra èké, wọ́n sì mú un kọjá ẹnubodè. Ràfátù wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Wọ́n ní ẹ gbìyànjú." Ìbá sàn kó bú mi. Lọ́yà Adéjàre, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ti fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀ fún mi, gbọ́, wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀pá wọn gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wá. Wọn ò jókòó.

"Sìkírá, ṣé o rí ilé náà?"

Mo ní, "Rárá, sà." Wọ́n yíjú padà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kú kí n tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà sí i, àmọ́ ọwọ́ mi ti dẹ̀. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ojú ló ń dùn mí, mo ti ọ́fíìsì pa, mo sì padà sí Ìrókò. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo fẹ̀yìn tì ní kékeré. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ti gba ìwé fún àìmọye èèyàn, mi ò ní ìwé kan tí kì í ṣe irọ́.

Bàbá Ráímì kú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo sọ fún Ṣídí pé mo ń lọ sí Kétu. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ó ti pẹ́ jù." Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àánú. Mo jáde nílé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo gba Abẹ́òkúta dé Ìmẹ̀kọ, mo kọjá. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi dé. Ọ̀nà tí mo bẹ̀rù fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò tó ìrìn ọjọ́ kan.

Mo béèrè Mùfú, inú oko olóko ni wọ́n mú mi lọ bá a, ó ń kọ ebè. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀, ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Háà, Lọ́yà! Ṣé wọ́n lé ẹ̀yin náà ni?"

Àwàdà ló ń ṣe. Mo jókòó sórí ebè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọkọ̀ akẹ́rù títí dé orí dúrọ́ọ̀ obìnrin náà. Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà," ó ní. "Ìbá ṣe pé ẹ sọ fún mi nígbà yẹn, èmi ni ǹ bá gbà yín nímọ̀ràn. Ǹ bá ní kí a jọ mú fọ́ọ̀mù náà."

Mo ní mo lè bá a wá lọ́yà ọ̀dọ́ kan tí yóò bá a tọ ọ̀rọ̀ náà, kó lè padà. Ó mi orí. Ràfátù ti fẹ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì ti ń dá oko rẹ̀. "Ibo ni mo ń padà sí, Lọ́yà? Ẹ jẹ́ ká má da omi lu omi." Kò pariwo mọ́ mi. Nígbà tó yá, ó bi mí bí a ṣe ń bi ọmọ ilé: "Agbo ilé wo ni tiyín níbí? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ kí wọn."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ òfin tó sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ibi àti ẹni tó jẹ́ àlejò, mo lè kà á lórí. Mi ò mọ orúkọ agbo ilé bàbá mi. Ní ọjọ́ kejì, Mùfú fi oko sílẹ̀, a sì ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé lọ́wọ́ àwọn àgbà, títí a fi rí ìyá arúgbó kan tó rántí ọkùnrin tí wọ́n kó dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Ó fi agbo ilé rẹ̀ hàn wá, ó ní ọkùnrin náà ti kú, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní ó máa ń sọ pé òun ní ọmọ kan ní Ìrókò, wọn yóò sì bi í pé kí ló dé tí kò lọ mú un. "Á ní, 'Wọ́n ti búra fún un. Bí mo bá lọ, mo bà á jẹ́.'"

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tó wá bá mi, iṣẹ́ lọ́yà dára. Ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ dé ilé ara yín, ẹ jókòó, ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìgbélùú kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti kọ ọ́ kún láti òkè délẹ̀, mo sì ti kọ ìbúra tuntun mọ́ ọn tó sọ bí ti àtijọ́ ṣe jẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ bàbá, mo kọ ti ẹni tó bí mi, àti agbo ilé rẹ̀ ní Kétu. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó mọ̀ mí ní ìlú yìí, mo kọ Ṣídí. Ó ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwa méjèèjì ni a jọ ń gbé e lọ.